Mo gbé irin ọkọ̀ onígbòkun tó ti jáàmù lọ bá Bàbá l'Ókè-Fìà

Ọkọ̀ onígbòkun ni mò ń tún ṣe l'Ékòó, ṣùgbọ́n Òṣogbo ni ilé mi. Nígbà tí mò ń bọ̀ wálé lóṣù tó kọjá, irin ló kún báàgì mi: turnbuckle mẹ́rin, ìyẹn irin tí a fi ń fa wáyà òpó ọkọ̀ le, pẹ̀lú ìdérí alumíníọ̀mù kan tí bóòtù stainless méjì há sí lára. Márùn-ún ni turnbuckle náà tẹ́lẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù kan l'Ékòó ló fi ipá ṣẹ́ ẹ̀karùn-ún, ó sì dùn mí gan-an.

Àbúrò mi ló júwe Bàbá yìí fún mi. Nọ́ọ̀tì mọ́tò àti ti jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n máa ń tú. Wọ́n gba ọ̀kan lọ́wọ́ mi, wọ́n wò ó fínnífínní, wọ́n ní, "Ọmọ mi, iyọ̀ ló jẹ èyí." Ọkàn mi balẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọn ò fi sípánà kàn án rárá. Wọ́n yọ píìnì, wọ́n fọ tẹ́ẹ̀dì, ìyẹn ìlà yíyí tó wà lára irin náà, wọ́n wá po acetone, omi tí wọ́n fi ń nu ọ̀dà èékánná kúrò, àti ATF, òróró jíà mọ́tò ọtọmátíìkì, ní dọ́gbadọ́gba sínú agolo kékeré. Kí wọ́n tó kán an sí i, wọ́n á kọ́kọ́ mì í dáadáa, torí àwọn méjèèjì kì í pẹ́ pínyà. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ méjì gbáko. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n kọ́kọ́ fún un le díẹ̀, wọ́n dá a padà, wọ́n tún fún un, títí ó fi dẹ̀. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló tú.

Ọmọ iṣẹ́ wọn fẹ́ẹ̀ ba ọ̀kan jẹ́. Kò mọ̀ pé apá kan turnbuckle, òsì ni tẹ́ẹ̀dì rẹ̀ yí sí. Ó rò pé òun ń tú u, ó ń fún un le ni. Kí ẹ sọ fún wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Ti alumíníọ̀mù ló dẹ́rù bà mí, torí iná gáàsì ni ọmọ iṣẹ́ náà gbé wá. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kì í pọ́n kó tó yọ́ o!" Ní 660°C ló ń yọ́, agbára rẹ̀ sì ti dínkù tipẹ́ kó tó dé ibẹ̀. Bàbá gbọ́ mi lẹ́nu. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná ni wọ́n lò. Alumíníọ̀mù máa ń fẹ̀ ju stainless lọ bí iná bá rà á, ihò á sì là díẹ̀. Bóòtù kan jáde pẹ̀lú lẹ́búlẹ́bú funfun, ohun tí alumíníọ̀mù máa ń dà bí òun àti stainless bá jọ wà nínú omi iyọ̀. Èkejì kán, dírìlì ni wọ́n fi yọ ọ́. Mi ò bínú sí wọn, ó ti há jù.

Ẹ̀sùn mi kan ni búrọ́ọ̀ṣì wọn. Wáyà irin lásán ni, ó máa ń fi ẹ̀rún irin sílára stainless, ibẹ̀ ló sì máa dógùn-ún. Ẹ mú búrọ́ọ̀ṣì stainless tiyín dání, àti lanolin, ìyẹn ọ̀rá ara irun àgùntàn, tí ẹ máa fi pa tẹ́ẹ̀dì kí ẹ tó dì í padà.

₦9,000 ni mo san fún gbogbo rẹ̀. Ẹ tètè lọ láàárọ̀. Tí wọ́n bá ti kírun Àlàásárì, wọn kì í gba iṣẹ́ tuntun mọ́.