Ìkìlọ̀: ẹ yọ wáyà hook-up, tó ń fa iná láti ìta wọ inú ọkọ̀, kí ẹ tó sanwó ọkọ̀ camper

Ẹ̀yin ará wa nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ẹ ń wá ọkọ̀ camper, ọkọ̀ tí a lè sùn sí bí ilé, rà kí ìsinmi àwọn ọmọ tó dé, ẹ dákun, ẹ ka èyí kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ sílẹ̀. Gbàrọgùdù pọ̀ nínú ọjà yìí, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe owó kékeré.

Àbúrò mi obìnrin àti ọkọ rẹ̀ ra Transit Custom ọdún 2017 lọ́wọ́ oníṣòwò kan tó máa ń sọ ọkọ̀ akẹ́rù di ilé. N kò ní dárúkọ rẹ̀ torí ọ̀rọ̀ ṣì wà nílẹ̀. Nígbà tí wọ́n lọ wò ó, gbogbo iná inú rẹ̀ ń tàn yòò, fíríìjì tutù nini, ojú mítà kékeré tó wà lára ògiri ń fi fóltì 13.6 hàn. Ọkùnrin náà ní tuntun ni leisure battery inú rẹ̀, ìyẹn bátìrì ẹ̀yìn tó ń gbé iná inú ilé, 110 Ah (Ah ni a fi ń wọn iye iná tí bátìrì lè gbà), kò lè já wọn kulẹ̀. Lálẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n sùn sí Wales, níbi tí kò sí hook-up, ilẹ̀ kò tíì ṣú tán tí fíríìjì fi kú. Pọ́ǹpù omi tẹ̀lé e. Wọ́n wa ọkọ̀ náà padà sílé lọ́jọ́ kejì, ọ̀nà tó jìn dáadáa, síbẹ̀ iná kankan kò wọ bátìrì náà.

Iṣẹ́ iná ọkọ̀ ni mò ń ṣe, nítorí náà wọ́n gbé e wá sọ́dọ̀ mi. Ohun tí mo bá lábẹ́ àga bí mi nínú. Bátìrì tí a fi ń sítáàtì ẹ́ńjìnì ni, wọ́n kàn lẹ bébà 110 Ah mọ́ ọn lórí ni. Mo gbé e sórí ìwọ̀n, ó fi díẹ̀ lé ní 15 kg. Bátìrì olójé tó bá jẹ́ 110 Ah lóòótọ́ máa ń ju 20 kg lọ dáadáa. Agbára ńlá fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni wọ́n ṣe irú bátìrì ẹ́ńjìnì yẹn fún. Tí ẹ bá ń fà á gbẹ lóròòru, kò ní pẹ́ kú.

Wáyà tó ti bátìrì ẹ́ńjìnì níwájú wá sí ti ẹ̀yìn tín-ín-rín bí èyí tí a fi ń tan gílóòbù. Kò sí fíùsì kankan nítòsí bátìrì méjèèjì. Inú ihò irin tí wọn kò fi rọ́bà sí ni wọ́n gbé e gbà, lábẹ́ ibi tí àwọn ọmọ ń sùn gan-an. Bí irin bá gé ara wáyà yẹn, iná á sọ.

Ti relay, ṣíwíìṣì tó ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, ló fara sin jù. Irú èyí tí wọ́n fi sí i máa ń so bátìrì méjèèjì pọ̀ bí iná alternator, ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnì fi ń ṣe iná, bá tó nǹkan bíi fóltì 13.3, á sì já wọn bí ó bá wálẹ̀ sí nǹkan bíi 12.8. Lára ọkọ̀ àtijọ́, kò burú. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Euro 6, ìyẹn àwọn tuntun tí òfin èéfín le sí, ló ní alternator tó máa ń rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ láti dín epo kù, bí bátìrì iwájú bá ti kún. Relay á já, bátìrì ẹ̀yìn á máa wòran títí ẹ ó fi délé. DC-DC charger, ṣájà tó ń gbé fóltì sókè bí ti alternator bá rẹlẹ̀, ló yẹ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ má sọ fún mi pé oníṣòwò tó ń fi èyí jẹun kò mọ̀. Owó rẹ̀ ló ń sá fún.

Ta ló wá ń fi 13.6 hàn lọ́jọ́ tí wọ́n lọ wò ó? Ṣájà ni. Wáyà hook-up wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tó kọjú sí ògiri.

Nítorí náà, ẹ pe oníṣòwò ní ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí ẹ ń lọ, kí ó yọ hook-up mọ́jú. Bí sólà bá wà lórí rẹ̀, kí ó pa á. Ẹ mú mítà tiyín dání, kí ẹ sì fi í kan orí bátìrì fúnra rẹ̀, ẹ má wo ti ara ògiri. Bátìrì olójé tó ti sinmi, tó bá kún, á fi nǹkan bíi fóltì 12.7 hàn; bó bá jẹ́ 12.2, ó ti dé ìdajì. Ẹ tan gbogbo nǹkan fún bí ìdajì wákàtí. Bó bá já wálẹ̀ kíákíá, ẹ máa lọ sílé yín. Tó bá jẹ́ lithium ni, fóltì kò fi bẹ́ẹ̀ sọ òótọ́, torí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà títí á fi kù díẹ̀ kó gbẹ. Ẹ tan àwọn ohun tó ń jẹ iná gan-an, kí ẹ fi dán an wò.

Lẹ́yìn náà, ẹ sítáàtì ẹ́ńjìnì, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú, kì í ṣe ìṣẹ́jú kan tí oníṣòwò máa ń fún yín. Ẹ fi ẹnu mítà kan sórí pọ́sítíìfù bátìrì iwájú, ẹnu kejì sórí ti ẹ̀yìn. Bó bá ju ìdajì fóltì lọ, wáyà kéré tàbí ojú ibi tí wọ́n ti so ó kò mọ́. Bó bá tó fóltì kan ààbọ̀ sí méjì, fíùsì ti jó tàbí relay kò so. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ DC-DC charger ló wà níbẹ̀, ìyẹn kò kàn yín: orí bátìrì ẹ̀yìn nìkan ni kí ẹ wò, kí ó máa gòkè lọ sọ́nà fóltì 14.

Ní ti owó, ẹ má san gbogbo rẹ̀ láti báńkì sí báńkì, bó ti wù kó máa rọ̀ yín tó. Ẹ fi credit card san díẹ̀ níbẹ̀. Bí iye ọkọ̀ bá ju £100 lọ, tí kò sì ju £30,000, Section 75 inú òfin Consumer Credit Act á mú kí ilé iṣẹ́ káàdì bá oníṣòwò náà pín ẹ̀bi bí ọkọ̀ bá lábùkù. “Sold as seen” tó kọ sórí rìsíìtì kò gba ẹ̀tọ́ kankan lọ́wọ́ yín bó bá jẹ́ oníṣòwò. Àwọn kan sì máa ń díbọ́n bí ẹni pé ọkọ̀ ara wọn ni wọ́n ń tà, nítorí ẹ̀tọ́ yín kéré lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe oníṣòwò: ẹ wo orúkọ tó wà lórí V5C, ìwé ọkọ̀, kí ẹ sì wá nọ́ńbà fóònù rẹ̀ bóyá ó wà lára ọkọ̀ mìíràn tí wọ́n ń polówó.

Ẹni tó bá ti rà á lọ́wọ́ oníṣòwò, Consumer Rights Act 2015 fún un ní ọjọ́ 30 láti dá ọkọ̀ tó lábùkù padà, kí ó gba owó rẹ̀ pé. Ẹ kọ ímeèlì, ẹ má fi orí fóònù mọ, ẹ ya fọ́tò wáyà àti bátìrì kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Tí ọjọ́ 30 bá ti kọjá, títí oṣù mẹ́fà fi pé láti ọjọ́ tí ẹ gba ọkọ̀, oníṣòwò ni yóò fi hàn pé àbùkù náà kò sí níbẹ̀ nígbà tó tà á, àmọ́ yóò kọ́kọ́ láǹfààní láti tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan. Bó bá sá fún yín, ẹ pe Citizens Advice, àwọn tó ń gba ará ìlú nímọ̀ràn; àwọn ló máa ń gbé irú ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Trading Standards, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ṣọ́ àwọn oníṣòwò.