Ìwé past question Common Entrance tí mo rà fún ọmọ mi: ìbéèrè rẹ̀ dáa, ìdáhùn rẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún ìwé yìí. Ká ní ìbéèrè inú rẹ̀ nìkan ni wọ́n tà fún mi, márùn-ún gbáko ni ǹ bá fún un. Ìdáhùn tí wọ́n kó sẹ́yìn ló jẹ ìràwọ̀ méjì.

Mi ò ní dárúkọ àwọn tó tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá ti ra past question Common Entrance, ìdánwò àtiwọ iléèwé girama, rí á mọ irú rẹ̀: ó nípọn, bébà rẹ̀ fẹ́lẹ́, àwòrán ọmọléèwé tó ń rẹ́rìn-ín wà níwájú rẹ̀, wọ́n sì kọ gàdàgbà pé ìbéèrè ọ̀pọ̀ ọdún ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìdáhùn tó péye. Ilé ìtàwé kan ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn, ni mo ti rà á. Ọkùnrin tó ń tajà ní, "Màmá, èyí ni gbogbo wọn ń rà o, ọmọ tó bá ti ka èyí tán, ó ti wọlé." Mo ní kó fi ìyẹn sílẹ̀, kó sọ iye tó máa gbà. Ó pe ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà, a dúró sí mẹ́rin.

Ẹ mọ ìdí tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ fi ń tà. NECO, àjọ tó ń ṣe ìdánwò, ló ń ṣe ìdánwò yìí fún àwọn Unity School, iléèwé girama ìjọba àpapọ̀ tó lé ní ọgọ́rùn-ún káàkiri Nàìjíríà, kì í sì í ṣe máàkì nìkan ni wọ́n ń wò. Wọ́n ń mú àwọn kan nítorí máàkì wọn, wọ́n ń mú àwọn mìíràn nítorí ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti wá. Àkójọ kan wà, ti máàkì tó kéré jù tí ọmọ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gbà, tí àwọn ìwé ìròyìn ti gbé jáde léraléra láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn: Èkó 133, Ògùn 131, Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun 127, Oǹdó 126, Èkìtì 119. Nínú àkójọ kan náà, 4 ni wọ́n kọ fún ọmọkùnrin Zamfara, 2 fún ọmọbìnrin ibẹ̀. Mi ò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni fa ìyẹn níbí. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni tèmi, Federal Government Girls' College tó wà l'Ọ́yọ̀ọ́ la sì fi ṣe àkọ́kọ́ nínú fọ́ọ̀mù, nítorí náà kò sí àyè eré.

Ibi tí ìwé náà ti tẹ́ mi lọ́rùn jù ni quantitative, ìyẹn ìbéèrè tí wọ́n fi nọ́ńbà dán làákàyè ọmọ wò. Iléèwé ọmọ mi kì í fi bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn. Wọ́n á fún wọn ní ojú ewé kan lọ́jọ́ Ẹtì, ó parí. Nínú ìwé yìí, ó pọ̀ lọ jàra, ó sì yàtọ̀ síra. Ẹ wo irú èyí: wọ́n ya àpótí mẹ́ta. Nínú àkọ́kọ́, 6 àti 4 wà lókè, 20 wà nísàlẹ̀. Nínú ìkejì, 5 àti 3 wà lókè, 16 wà nísàlẹ̀. Nínú ìkẹta, 7 àti 2 wà lókè, kí ló yẹ kó wà nísàlẹ̀? Kò sí fọ́múlà tí ọmọ fẹ́ há sórí fún ìyẹn, àfi kó jókòó tì í. Èmi náà jókòó tì í. Mo ṣe 6 lọ́nà 6, ó jẹ́ 36. Mo ṣe 4 lọ́nà 4, ó jẹ́ 16. Mo yọ ọ́ kúrò, ó ku 20. Inú mi ti ń dùn. Ọmọ mi yọjú wo bébà mi, ó ní, "Mọ́mì, kí lẹ ń ṣe gbogbo wàhálà yìí fún?" Òun ro 6 mọ́ 4, ó jẹ́ 10, ó yọ 4 kúrò nínú 6, ó ku 2, ó ṣe 10 lọ́nà 2, 20 náà nìyẹn. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìkẹta, 9 lọ́nà 5, ó gba 45. Tèmi náà jẹ́ 45.

A ṣí ẹ̀yìn ìwé. Wọ́n kọ 14 síbẹ̀. Ẹni tó dáhùn rẹ̀ kàn ṣe 7 lọ́nà 2, kò tilẹ̀ wo àpótí méjì tó ṣáájú.

Ìyẹn ṣì kéré. Nínú ìbéèrè Gẹ̀ẹ́sì ọdún kan níbẹ̀, ọmọ yìí ṣe gbogbo ọgọ́ta, ó fi ẹ̀yìn ìwé máàkì ara rẹ̀, ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ojú ti pọ́n, ó ní òun gba 19. Ọmọ tó ń ka ìwé ìtàn Gẹ̀ẹ́sì fún àbúrò rẹ̀ lálaalẹ́! Mo fi ẹ̀rọ ìránṣọ sílẹ̀, mo gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Láti nọ́ńbà 1 dé 16, ẹyọ kan ṣoṣo ló kùnà. Láti 17 lọ, àṣìṣe tẹ̀ lé àṣìṣe. Mo wo 17 fúnra mi, ohun tó mú dáa, lẹ́tà tí ìwé sì kọ síbẹ̀ kò bá ìbéèrè náà mu rárá. Ìbéèrè 18 ló bá mu. Ẹni tó tò ó ti fo ìdáhùn 17, ó gbé ti 18 síbẹ̀, gbogbo ìyókù sì sún sókè lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan títí dé ìparí. Òfìfo ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ 60. Nígbà tí mo dá wọn padà sí àyè wọn tán, 19 di 51.

Ẹ wá ro iye ọmọ tí wọ́n ti nà nítorí ojú ewé yẹn. Iye òbí tó máa rí 19 tí yóò jókòó, tí yóò sì yẹ ìwé wò kó tó yẹ ọmọ wò, kò pọ̀ ládùúgbò tèmi.

Tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́sìn lẹ́yìn iléèwé lópòópónà wa, ìwé yìí gan-an ló fi ń kọ́ àwọn ọmọ. Ó ń gba ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lóṣù lórí ọmọ kan. Nígbà tí mo bi í bóyá ó ti kíyè sí ojú ewé náà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Hà, Màmá, ọdún yẹn máa ń le fún wọn ṣá." Mo kí i, mo bá tèmi lọ.

Lápá ẹ̀kọ́ àwùjọ àti sáyẹ́ǹsì, ìbéèrè míì ti gbó ju ọmọ lọ. Wọ́n béèrè iye ìpínlẹ̀ tó wà ní Nàìjíríà, wọ́n dáhùn pé 30. Òótọ́ ni, láàárín 1991 sí 1996, kí ìjọba Abacha tó dá mẹ́fà sí i tó fi di 36. Èkìtì wà nínú mẹ́fà yẹn. Ìyá ọkọ mi, ọmọ Adó-Èkìtì, ní ká bá òun bi àwọn tó kọ ìwé pé ìpínlẹ̀ wo wá ni tòun. Pílánẹ́ẹ̀tì mẹ́sàn-án ló ṣì wà nínú sáyẹ́ǹsì wọn, bẹ́ẹ̀ láti 2006 ni àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ti yọ Pluto kúrò, tó ku mẹ́jọ. Orin orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń béèrè ìlà rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ ni èyí tí ìjọba pa tì ní oṣù Karùn-ún 2024. Mi ò sọ pé kí wọ́n má kó ìbéèrè àtijọ́ jọ, past question ló ń jẹ́. Àmọ́ ìlà kékeré kan lábẹ́ rẹ̀ pé èyí ti yí padà, èló ló máa ná wọn?

Ìwé náà kì í ṣàlàyé ohunkóhun. Lẹ́tà ni wọ́n kọ, lẹ́tà náà lẹ máa bá níbẹ̀. Ọmọ tó bá kùnà á mọ̀ pé òun kùnà, kò ní mọ ìdí. Tèmi máa ń da perimeter pọ̀ mọ́ area, ìwé kò sì lè gbà á lọ́wọ́ ìyẹn. Mo mú téèpù ìwọnṣọ, mo ní kó wọn etí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ yíká: gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 8, ìbú rẹ̀ 4, yíyíká rẹ̀ wá jẹ́ 24. Mo ní ìyẹn ni léèsì tí màá rà bí mo bá fẹ́ rán an mọ́ etí rẹ̀ yíká. Mo tẹ́ ańkárá bò ó, mo ní aṣọ tó bo ojú rẹ̀ ńkọ́? Ó ṣírò 8 lọ́nà 4, ó ní 32. Láti ìgbà náà, bó bá ti rí perimeter, á ní, "Léèsì ni."

Ohun míì tí mo ń retí tí mi ò bá níbẹ̀ ni bébà ìdáhùn. Lọ́jọ́ ìdánwò, pẹ́ńsù HB ni wọ́n fi ń kun lẹ́tà lórí bébà tí ẹ̀rọ máa kà. Ọmọ tó ti ń fi báírò yí lẹ́tà ká nínú ìwé láti ọjọ́ pípẹ́ lè fo ìlà kan níbẹ̀, kí gbogbo ìdáhùn rẹ̀ sún bíi tàwọn atẹ̀wé wa yìí, kò sì sí ẹni tó máa bá a dá a padà. Mo fi rúlà ya ọ̀kan, mo ṣe fọ́tókọ́pì rẹ̀ lọ́pọ̀, orí ẹ̀ ló sì ń dáhùn sí látìgbà náà. Ẹ ra irésà tó dáa pẹ̀lú, olówó pọ́ọ́kú máa ń fa bébà ya.

Bí ẹ bá lè jókòó ti ọmọ yín, tí ẹ̀yin fúnra yín lè ṣe ìṣirò Praimárì 6, ẹ rà á, owó yín kò ní ṣòfò. Ìbéèrè tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lójú kan ṣòro láti rí. Bó bá jẹ́ ẹ fẹ́ gbé e fún ọmọ kó máa dá kà á kó sì máa dá máàkì ara rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ níbi ìdáhùn, kẹ́ ẹ wo nọ́ńbà tó kẹ́yìn ọdún kọ̀ọ̀kan bóyá lẹ́tà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹni tó bá rí ẹ̀dà tuntun tí wọ́n ti tún ojú ewé Gẹ̀ẹ́sì yẹn ṣe, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi. Àbúrò ọmọ mi ti wà ní Praimárì 4.