ClinicalTrials.gov fún ẹni tó fẹ́ wọ ìwádìí oògùn ìrora lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ: àgbéyẹ̀wò

Láti ọdún 2000 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti ń fi ìkànnì yìí to ìwádìí ìṣègùn jọ. Ọ̀fẹ́ ni, kò sí pé ẹ ń forúkọ sílẹ̀ kí ẹ tó wò ó, kò sì sí ìpolówó ọjà níbẹ̀. Bí dókítà bá ti dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ fún yín, tí ẹ sì ń rò ó bóyá kí ẹ wọ ìwádìí lórí ìrora tàbí lórí bí ara ṣe ń padà bọ̀ sípò, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yà. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un.

Ohun kan wà tó yẹ kó yé wa kí a tó wọlé. Pé ìwádìí kan wà lórí ìkànnì yìí kò túmọ̀ sí pé ìjọba ti yẹ̀ ẹ́ wò tó sì rí i pé ó dára. Àwọn tó ń ṣe ìwádìí ló ń kọ ohun tí ẹ ń kà níbẹ̀ fúnra wọn. Àwọn ilé ìwòsàn aládàáni kan ti gbé abẹ́rẹ́ stem cell (sẹ́ẹ̀lì tó lè di oríṣiríṣi ẹ̀yà ara) fún orúnkún sórí rẹ̀ bí ìwádìí, aláìsàn ló sì ń san owó rẹ̀ lápò ara rẹ̀. Ìgbàkigbà tí wọ́n bá ní kí ẹ sanwó oògùn tí wọ́n ṣì ń dán wò, ẹ padà lẹ́yìn wọn.

Bí a ṣe ń wá a: ẹ kọ "Postoperative Pain" sí ojú ibi tí wọ́n kọ "Condition" sí. Ẹ má kọ "pain" nìkan, torí ìrora ẹ̀yìn, orí fífọ́ àti ti jẹjẹrẹ ni yóò bo ojú yín. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ orúkọ iṣẹ́ abẹ yín sí "Other terms" bó ṣe wà nínú ìwé dókítà: "hernia repair", "cesarean", "knee arthroplasty". Ẹ fi orúkọ ìlú yín sí i, ẹ mú iye máìlì tí ẹ lè rìn, kí ẹ sì mú "Recruiting" (wọ́n ń gba èèyàn) àti "Not yet recruiting" (wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í gbà) nìkan.

Ibí yìí ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. Òfin ní bí ipò ìwádìí bá yí padà, bóyá wọ́n ṣì ń gba èèyàn tàbí wọn ò gbà mọ́, kí wọ́n tún un kọ láàrin 30 ọjọ́. Ní ti ìṣe, ìwádìí tó ti kún máa ń jókòó síbẹ̀ bí èyí tó ṣì ń gba èèyàn. Ẹ wo "Last Update Posted" kí ẹ tó gbé fóònù. Bí ẹ bá rí "Unknown status", ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọjọ́ tó yẹ kí ìwádìí náà parí ti kọjá, ó sì ti lé ní ọdún 2 tí ẹnikẹ́ni ti fọwọ́ sí i pé ó ṣì ń lọ. Ẹ má fi àkókò yín ṣòfò níbẹ̀. Ìwádìí tó ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn tún wà: ti Houston lè ti tì kí ti Dallas ṣì wà ní ṣíṣí, nítorí náà ẹ ka ipò ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan lábẹ́ "Locations".

Apá tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò ni "Arms and Interventions", ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ tí wọ́n pín èèyàn sí àti ohun tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa gbà, òun gan-an ló sì ń sọ ohun tó lè kàn yín. Ẹ jẹ́ ká mú suzetrigine, oògùn ìrora ilé iṣẹ́ Vertex tí FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí ní ọjọ́ 30 oṣù Kíní 2025. Ìwádìí ńlá méjì ni wọ́n ṣe lórí rẹ̀, èèyàn tó lé ní 1,000 ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn tí wọ́n gé awọ àti ọ̀rá ikùn fún wà nínú ọ̀kan, àwọn tí wọ́n tún eegun tó yọ gọngọ lẹ́bàá àtàǹpàkò ẹsẹ̀ wọn ṣe wà nínú èkejì. Nínú èèyàn márùn-ún, méjì gba suzetrigine, méjì gba hydrocodone tí wọ́n pò mọ́ acetaminophen (paracetamol), ẹnì kan gba oògùn òfìfo tí kò ní èròjà kankan nínú. Kọ̀ǹpútà ló ń pín in: ẹni tó ń gbé oògùn náà fún yín kò mọ èyí tó jẹ́. Suzetrigine dín ìrora kù ju òfìfo lọ láàrin wákàtí 48, ṣùgbọ́n kò borí hydrocodone. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ara iṣan tó ń gbé ìrora lọ sí ọpọlọ ló ti ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe nínú ọpọlọ bíi ti hydrocodone, tó jẹ́ ìbátan codeine.

Ẹ̀rù òfìfo máa ń ba èèyàn, ó sì tọ́ kí ó bà wọ́n. Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè àkọ́kọ́ fi gbọ́dọ̀ jẹ́: kí ni oògùn ìrànwọ́, ìyẹn èyí tí wọ́n á fún yín bí oògùn ìwádìí kò bá ran ìrora? Nínú ìwádìí suzetrigine, ibuprofen 400 mg ni, wákàtí 6 sí wákàtí 6, fún ẹnikẹ́ni tó bá béèrè. Gbígbà á kò lé yín kúrò nínú ìwádìí. Wọ́n á kàn ní kí ẹ sọ iye ìrora yín kí ẹ tó gbé e mì. Ìwádìí tí kò kọ oògùn ìrànwọ́ sílẹ̀ kedere, èmi ò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú kó wọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí nọ́mbà ìrora. Láti 0 dé 10 ni: 0 ni pé kò dùn yín rárá, 10 ni èyí tó le jù tí ọkàn lè rò. Nínú irú ìwádìí báyìí, wọn kì í pín oògùn fún yín àfi bí ìrora bá dé 4 ó kéré tán, láàrin wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tàbí lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ abẹ́rẹ́ tó mú ẹsẹ̀ kú. Bí kò bá dé ibẹ̀, wọ́n á tọ́jú yín bíi ti gbogbo aláìsàn, ẹ ò sì ní sí nínú ìwádìí mọ́. Ẹ béèrè ṣáájú bóyá owó tí wọ́n ṣèlérí máa dínkù tó bá rí bẹ́ẹ̀.

Àwa Yorùbá ní ìṣòro kan níbí. Bí nọ́ọ̀sì bá ní báwo ni ara, ẹnu wa ti mọ́ "a dúpẹ́", tàbí "ó ń ta mí díẹ̀". Nọ́ọ̀sì ò rí ibi tó máa kọ ìyẹn sí, yóò sì fi 2 tàbí 3 síbẹ̀. Bó ń ta ni, bó ń gún ni, bó ń jó ni, bó ń ro ni, nọ́mbà kan ṣoṣo ni ìwé náà gbà. Ẹ sọ bó ṣe rí gan-an, ẹ má bù ú kù, ẹ má sì bù ú lé. Kí ẹ sì béèrè bóyá ti ìsinsìnyí ni wọ́n ń bi yín àbí ti wákàtí 24 tó kọjá, bóyá ní ìdùbúlẹ̀ àbí nígbà tí ẹ bá wúkọ́. Ìdáhùn yóò yàtọ̀. Wọ́n sì lè jí yín lóru láti béèrè.

Ìwádìí lórí bí ara ṣe ń bọ̀ sípò rọrùn ju ti oògùn lọ, àmọ́ ó ń pẹ́. Ìwé ìbéèrè QoR-15 ló gbòde níbẹ̀: ìbéèrè 15, ọ̀kọ̀ọ̀kan láti 0 dé 10, àpapọ̀ rẹ̀ 150. Oorun, oúnjẹ, mímí, wíwẹ̀ fúnra ẹni, gbogbo rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra níbi 5 tó gbẹ̀yìn, torí òǹkà náà yí padà níbẹ̀. Nínú 10 àkọ́kọ́, 10 ni "nígbà gbogbo". Nígbà tó bá kan ìrora, èébì, àníyàn àti ìbànújẹ́, 10 ló wá di "kò ṣẹlẹ̀ rárá". Ẹni tó bá kánjú máa kọ òdìkejì ohun tó ń ṣe é.

Nílé ní Nàìjíríà, irú ìwádìí tó ń tọ́pa aláìsàn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ wà pẹ̀lú. Ìwádìí ChEETAh, tó jáde ní 2022, kó àwọn ilé ìwòsàn jọ ní Nàìjíríà, Benin, Ghana àti orílẹ̀-èdè mẹ́rin mìíràn. Ohun tí wọ́n dán wò ni kí dókítà pààrọ̀ ìbọ̀wọ́ àti irin iṣẹ́ kó tó rán ikùn padà. Aláìsàn 13,301 ni wọ́n tọ́pa rẹ̀ fún 30 ọjọ́. Ojú abẹ tó kẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti ìdá 18.9 sí 16.0 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú irú ìwádìí bẹ́ẹ̀, ohun tó ń bàjẹ́ jù ni fóònù: aláìsàn pa láìnì rẹ̀ dà, kò sì sẹ́ni tó mọ bí ojú egbò rẹ̀ ṣe rí lọ́jọ́ 30. Ẹ fún wọn ní nọ́mbà méjì, ti yín àti ti ẹni tí ẹ jọ ń gbé. Ẹni tó wà ní Nàìjíríà, kó wo Pan African Clinical Trials Registry pẹ̀lú, kó sì béèrè nọ́mbà ìwé àṣẹ ìgbìmọ̀ ìwà tó tọ́ (ethics committee) ní ilé ìwòsàn náà. Bó bá jẹ́ oògùn tuntun ni, NAFDAC gbọ́dọ̀ ti fọwọ́ sí ìwádìí náà. Ní Britain, Be Part of Research, ìkànnì NIHR (àjọ ìwádìí ìlera níbẹ̀), ló rọrùn láti lò.

Ìràwọ̀ tí mo yọ nìyí. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ìkànnì náà ń sọ, Gẹ̀ẹ́sì ilé ìwòsàn ni púpọ̀ rẹ̀. Kò sọ iye tí wọ́n máa san fún yín, kò sọ iye òru tí ẹ máa sùn síbẹ̀. Gbogbo ìyẹn, orí fóònù lẹ ti máa gbọ́ ọ. Òfin Amẹ́ríkà ní kí wọ́n ṣàlàyé ìwádìí ní èdè tó yé ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́, nítorí náà bí màmá yín bá gbọ́ Yorùbá ju Gẹ̀ẹ́sì lọ, ẹ béèrè ògbufọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ọmọ kọ́ ló yẹ kó máa túmọ̀ ìwé ìfọwọ́sí fún ìyá rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ oògùn ilé ló kù. Acetaminophen tí wọ́n kọ sínú ìwé ìwádìí, òun náà ni paracetamol, òun náà ló wà nínú Panadol àti Tylenol. Ẹni tó bá ń gbà á nínú ìwádìí, tó tún ń yọ Panadol lò nínú báàgì, ń di ẹrù méjì lé ẹ̀dọ̀ lórí, ó sì ń ba èsì jẹ́. Ẹ ka gbogbo ohun tí ẹ ń lò fún wọn, àgbo pẹ̀lú, láìtijú. Nígbà tí ẹ bá ń lọ sílé, ẹ gba ìwé tí orúkọ ìwádìí àti nọ́mbà fóònù dókítà rẹ̀ wà, kí ẹ fi sínú pọ́ọ̀sì, kí ẹni tó bá gbé yín lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn lóru lè rí i mú jáde.