Tutu Ìdánrawò Rírán-sílẹ̀: Ẹ Dojú Rẹ̀ Dé Kí Ẹ Tó Sanwó

Tutu ni síkẹ́ẹ̀tì nẹ́ẹ̀tì líle tí àwọn oníjó ballet (ijó orí ìtàgé ti ilẹ̀ Yúróòpù) ń wọ̀. Ti ìdánrawò tí wọ́n ti rán sílẹ̀ fún títà pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí. Kò ní apá òkè. Akẹ́kọ̀ọ́ ballet kàn ń wọ̀ ọ́ lé líótáàdì rẹ̀, aṣọ ijó tó lẹ̀ mọ́ ara, ni, owó rẹ̀ kò sì sún mọ́ ti èyí tí àwọn aránṣọ ilé ìṣeré ń fọwọ́ rán. Nínú fọ́tò, gbogbo wọn jọra: ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó mọ́, nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dúró ṣánṣán. Abẹ́ ni wọ́n ti yàtọ̀. Oríṣi mẹ́ta ló wà lórí àtẹ: oníwáyà (wọ́n ki wáyà róbótó sínú nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kí ó lè tẹ́) tó ní ìpele nẹ́ẹ̀tì 7 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, aláìníwáyà tó ní 4 tàbí 5, àti onírọ́bà (rọ́bà ló dì í mú ní ìbàdí) tí wọ́n ń tà fún ọjọ́ ìbí ọmọdé. Fún ẹni tó fẹ́ bá ẹlòmíràn jó lórí ìtàgé, oníwáyà nìkan ni a lè ní kí ó rà, òun náà sì nílò àtúnṣe kí ó tó ṣeé jó dáadáa.

Ẹ kọ́kọ́ wo ìgbàdí rẹ̀. Nẹ́ẹ̀tì tutu kì í bẹ̀rẹ̀ ní ìbàdí. Bèbè ìdí ló ti ń yọ jáde. Aṣọ tó wà láàárín méjèèjì ni ìgbàdí, òun ló sì ń gbé gbogbo ẹrù. Aṣọ òwú líle tí kì í fà ló yẹ kí wọ́n fi ṣe é, kí wọ́n gé e ní ìrépé ìrépé kí ó lè bá ara mu. Òkè ibẹ̀ gan-an ni ọwọ́ ọkùnrin tó ń gbé oníjó sókè máa ń wà. Bí ó bá jẹ́ líkírà, aṣọ tó ń fà, tí oníjó bá ti yí lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, ìgbàdí á yí tirẹ̀ lọ́tọ̀, tutu á sì wọ́ sápá kan. Líkírà ni wọ́n fi rán ọ̀pọ̀ nínú èyí tó pọ́ọ́kú, wọn a sì máa polówó rẹ̀ bí ẹni pé àǹfààní ni, pé ó ń bá gbogbo ara mu. Ẹ má gbà á.

Ní ẹ̀yìn, húùkù ni kí ẹ wá, kì í ṣe síìpù. Bí síìpù bá ya nígbà tó ku díẹ̀ kí oníjó jáde, wàhálà dé. Bí húùkù kan bá já, àwọn yòókù ṣì dì í mú. Ó yẹ kí ìlà ojú húùkù jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, nítorí pé tutu ilé ẹ̀kọ́ kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá kọjú húùkù kan sí ọ̀tún, tí wọ́n sì kọjú èyí tó tẹ̀ lé e sí òsì, ẹ mọ̀ pé ẹni tó rán an mọṣẹ́: wọn kò ní tú lẹ́ẹ̀kan náà bí oníjó bá mí kanlẹ̀.

Nẹ́ẹ̀tì ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù. Tutu orí ìtàgé sábà máa ń ní ìpele 10 sí 14. Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́bàá itan, lè má ju sẹ̀ǹtímítà 3 sí 5 lọ. Wọ́n á máa fẹ̀ sí i bí wọ́n ṣe ń gòkè, títí tòkè á fi tó sẹ̀ǹtímítà 35 sí 40. Àwọn kúkurú ìsàlẹ̀ yìí ló ń ti àwọn gígùn sókè. Ibẹ̀ sì ni àwọn onítajà ti ń dín iṣẹ́ kù: wọ́n á gé gbogbo ìpele ní ìwọ̀n kan náà, tàbí kí wọ́n yọ àwọn kúkurú kúrò, torí fọ́tò kì í fi wọ́n hàn. Kò ní pẹ́ tí etí tutu á fi wó bí agboòrùn tí egungun rẹ̀ ṣẹ́. Nẹ́ẹ̀tì náà gbọ́dọ̀ jẹ́ náílọ́ọ̀nù líle, irú èyí tí àwọn télọ̀ Èkó fi ń rán kankan sábẹ́ aṣọ ìyàwó.

Kò le báyìí níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí oníjó Marie Taglioni jó ballet La Sylphide ní Opéra Paris, ilé ìṣeré ńlá kan, ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹta 1832, síkẹ́ẹ̀tì funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó gùn dé ojúgun ló wọ̀. John Heathcoat ti gba ìwé-àṣẹ fún ẹ̀rọ tó ń hun nẹ́ẹ̀tì ní England láti 1808 àti 1809, nítorí náà nẹ́ẹ̀tì kò tún jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ nìkan mọ́. Ṣùgbọ́n iná gáàsì ni wọ́n fi ń tan ìmọ́lẹ̀ sí ìtàgé. Ní oṣù Kọkànlá 1862, iná mú síkẹ́ẹ̀tì oníjó Emma Livry níbi ìdánrawò ní Paris. Ó kú ní oṣù Keje 1863. Oògùn tí wọ́n ń rẹ aṣọ sí kí iná má lè mú un ti wà nígbà náà, àmọ́ Livry kọ̀ ọ́, torí ó ń sọ aṣọ di gígan, ó sì ń pa dídán rẹ̀.

Ẹsẹ̀ ló gé síkẹ́ẹ̀tì náà kúrú. Àwọn oníjó Ítálì tó lọ sí Rọ́ṣíà ní ìparí ọ̀rúndún 19 mú àrà tuntun dé. Virginia Zucchi jó níbẹ̀ ní 1885 pẹ̀lú síkẹ́ẹ̀tì tó kúrú ju bó ṣe yẹ lójú àwọn kan. Pierina Legnani yí lórí ẹsẹ̀ kan lẹ́ẹ̀mejìlélọ́gbọ̀n nínú ballet Swan Lake ní 1895. Kí ni àǹfààní irú àrà bẹ́ẹ̀ bí aṣọ bá bo orúnkún? Lẹ́yìn náà ni wáyà wọlé, tí síkẹ́ẹ̀tì sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Barbara Karinska, aránṣọ ìtàgé, ló yọ wáyà náà fún George Balanchine, ẹni tó ń ṣètò ijó, ní New York ní 1950, fún ballet Symphony in C, nítorí pé bí oníjó bá pọ̀ lórí ìtàgé, etí líle á máa kọlu ara wọn, á sì máa gbọ̀n. Ìdí nìyí tí a kò fi ní bẹnu àtẹ́ lu aláìníwáyà: fún ijó ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó dára. Ẹni tó fẹ́ bá ọkùnrin jó ní tirẹ̀ nílò fífẹ̀ náà gan-an, kí àwọn méjèèjì lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń jìnnà síra láì rí ẹsẹ̀ ara wọn.

Àbùkù tó wọ́pọ̀ jù lára oníwáyà ni pé wọn kì í so àwọn ìpele pọ̀. Ẹ lè ṣe é fúnra yín, ó kàn ń gba ọ̀sán gbogbo ni. Ẹ dojú tutu dé sórí tábìlì, kí ẹ fi òwú aláwọ̀ kan náà gún ìpele méjì pọ̀, kí ẹ fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 1 òwú sílẹ̀ láàárín wọn, kí ẹ sì ta kókó. Ẹ sún síwájú bíi sẹ̀ǹtímítà 8, ẹ tún un ṣe, títí ẹ ó fi yí i po. Kí ẹ wá bọ́ sí ìpele tó kàn. Bí ẹ bá fa òwú le jù, ojú òkè á kún fún kòtò. Bí ó bá dẹ̀ jù, ìpele kọ̀ọ̀kan á máa fò lọ́tọ̀.

Ẹ tún fọwọ́ tọ wáyà yíká. Níbi tí orí rẹ̀ méjèèjì ti pàdé, ó gbọ́dọ̀ ní ìdérí tí wọ́n fi téèpù wé dáadáa, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á gún nẹ́ẹ̀tì, lẹ́yìn náà á gún ènìyàn. Wọ́n máa ń ká wáyà náà kí ó lè wọ páálí. Ti irin á padà sípò, ti ike á wà ní wíwọ́.

Fún ìwọ̀n, ìbàdí nìkan kò tó. Ẹ wọn bèbè ìdí níbi tó tóbi jù, kí ẹ sì wọn láti iwájú ìbàdí gba àárín ẹsẹ̀ dé ẹ̀yìn ìbàdí. Bí ìwọ̀n ìkẹyìn yìí bá kúrú, pátá tí wọ́n rán mọ́ abẹ́ rẹ̀ á fa tutu wálẹ̀ níwájú.

Ti onírọ́bà, oge ló bí i. Oge mú nẹ́ẹ̀tì, ó fi ìgbàdí sílẹ̀: síkẹ́ẹ̀tì tí òṣèré Sarah Jessica Parker wọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ní 1998, tí Patricia Field tó ń yan aṣọ fún un rà ní dọ́là 5, àti èyí dúdú tí aṣàrà aṣọ Virgil Abloh ṣe fún Serena Williams, agbábọ́ọ̀lù tẹ́níìsì, ní ìdíje US Open 2018, kò sẹ́ni tó fẹ́ gbé ẹni tó wọ̀ wọ́n sókè. Fún ọjọ́ ìbí, ó dára, àmọ́ náílọ́ọ̀nù máa ń yọ́ mọ́ ara bó bá gbaná, nítorí náà kí ọmọ jìnnà sí àbẹ́là orí kéèkì.

Ẹ má fi tutu sínú omi, torí omi ń fọ líle nẹ́ẹ̀tì dànù. Inú pátá nìkan ni kí ẹ fi kànrìnkàn nù, kí ẹ sì fi ọtí líle tí ẹ pò mọ́ omi fín ibi tó bá ń rùn, bí àwọn olùtọ́jú aṣọ ilé ìṣeré ṣe ń ṣe. Ẹ má fi áyọ́ọ̀nù kàn án. Bí ẹ kò bá rí ibi tẹ́ ẹ sí, ẹ fi àárín pátá rẹ̀ gbé e kọ́, kí nẹ́ẹ̀tì dojú dé.