Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tó ń ra dísìkì bíréèkì ní Kàbà àti agbègbè rẹ̀: ẹ tú páálí kí owó tó jáde lọ́wọ́ yín

Ọ̀kun o, gbogbo ilé. Mo kí yín láti Kàbà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ń wá dísìkì àti páàdì bíréèkì ẹ̀yìn fún ọkọ̀ rẹ̀, kó fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ yìí kó tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Oníṣòwò kan wà tó ń polówó ọjà lórí WhatsApp káàkiri ilẹ̀ Ọ̀kun, láti Kàbà dé Ìsánlú. Dísìkì tókunbọ̀ tó ti jẹ tán ni wọ́n ń fá, tí wọ́n ń kùn ní ọ̀dà, tí òun sì ń dì sínú páálí tuntun tà bí ojúlówó. Ó tà á fún mi. Ìyá mi wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ tí àṣírí rẹ̀ tú.

Camry 2008 ni mo ń wà, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní Muscle. Bíréèkì ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń ké fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí mo yọjú wò ó, páàdì ti kù fẹ́ẹ́rẹ́, etí dísìkì sì ti ga ju àárín rẹ̀ lọ. Ẹnìkan tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ló fún mi ní nọ́ńbà ọkùnrin náà. Ohùn rẹ̀ tutù. "Ẹ̀gbọ́n, ti Japan gan-an ni. Ọmọ ilé kan náà ni wá, ṣé mo lè tàn yín ni?" Dísìkì méjì pẹ̀lú páàdì wọn, ₦92,000. Ó ní kí n kọ "owó oúnjẹ" sára owó tí mo bá fi ránṣẹ́, pé báńkì ń yọ òun lẹ́nu. Orúkọ obìnrin ló wà lórí àkáǹtì. Mo rí gbogbo èyí, mo sì san án, torí iye tó pè é fúyẹ́ díẹ̀ ju tàwọn yòókù lọ, ó sì ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n ní gbogbo ìgbà. Lọ́jọ́ kejì, awakọ̀ èrò kan gbé páálí náà láti Lọ́kọ́ja wá sí gáréèjì. Nylon tí wọ́n fi wé e le pinpin, wọ́n sì lẹ ìwé mọ́ ọn pé ẹni tó bá ti ya nylon, a kì í gbà á padà mọ́.

Kì í ṣe pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ yìí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń pààrọ̀ bíréèkì ọkọ̀ mi fúnra mi nílé. Ní Sátidé yẹn, èmi àti àbúrò ìyàwó mi fi òkúta há táyà iwájú méjèèjì, a dẹ nọ́ọ̀tì wíìlì kí a tó gbé ọkọ̀ sókè, a sì gbé irin ìdúró sábẹ́ rẹ̀, nítorí jáákì nìkan ò ṣeé fọkàn tán. Lára Camry yìí, inú ikùn dísìkì ẹ̀yìn ni bíréèkì ìdúró wà, èyí tí à ń fi ẹsẹ̀ òsì tẹ̀ tí a bá páàkì. Bàtà bíréèkì kékeré méjì ló wà níbẹ̀, bíi ti àwọn ọkọ̀ tó ń lo bíréèkì onílù (drum). Ẹni tí kò bá kọ́kọ́ tú u sílẹ̀, dísìkì ò ní jáde fún un. Tiwa tún ti fi ipata lẹ̀ mọ́ họ́ọ̀bù. Ihò méjì tí bóòtù ṣeé yí wọ̀ wà lójú dísìkì tí wọ́n ṣe fún irú ìyẹn: a ki bóòtù 8 mm sí méjèèjì, à ń yí wọn díẹ̀díẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi dún gbà, tó bọ́. A fi wáyà so kálípà, èyí tó ń fún páàdì mọ́ dísìkì, rọ̀ kí ó má baà fi ọ́ọ̀sì rẹ̀ rọ̀, a rọra ti písítìn rẹ̀ wọlé, a sì ń ṣọ́ ọ́ìlì bíréèkì kó má kún jáde.

Tuntun ń dán gbinrin. Mo nù ún, mo dè é. Mi ò yí ikùn rẹ̀ sókè wò. Ibẹ̀ sì ni ẹ̀rí wà látìbẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ kọkànlá, mò ń gbé ìyá mi bọ̀ láti Ìsánlú wá sí Kàbà fún àyẹ̀wò ojú. A ti kọjá Mọ̀pà. Màlúù já sí títì, ọkọ̀ tó wà níwájú wa sì dúró gbàgà. Mo tẹ bíréèkì. Ariwo tó jáde lẹ́yìn dà bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ irin lórí kọnkéré, pẹ́dà sì rì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo gbé ẹsẹ̀, mo tún tẹ̀ ẹ́, mo tún tẹ̀ ẹ́. Bíréèkì iwájú ló gbà wá. Ààyè tó kù láàárín wa àti ọkọ̀ náà, ẹ ò lè gbé ìgbésẹ̀ mẹ́ta níbẹ̀. Mo pe mẹkáníìkì kan láti Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀ kó wá fà wá. Ní gbogbo àsìkò tí a fi ń retí rẹ̀, ìyá mi jókòó sábẹ́ igi lẹ́bàá ọ̀nà, ó di etí aṣọ mi mú, kò sọ ọ̀rọ̀ kan.

Nígbà tí a tú u nílé, páàdì kan ti ya kúrò lára irin tó gbé e dúró. Kò jẹ tán o. Ó ṣí bí èèpo ni, ó sì já bọ́, irin wá ń lọ irin. Èyí tí kò tíì já, mo fi èékánná fá a, ó ń dà bí erùpẹ̀. Mo gbé dísìkì sórí tábìlì, mo fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà fàdákà tó wà lára rẹ̀. Lábẹ́ ọ̀dà náà, ipata ti jẹ ẹ́ ní ihò ihò. Mo wá yí ikùn rẹ̀ sókè. Ibi tí bàtà bíréèkì ìdúró ń gbá mọ́ ti jìn wọlé yíká, ó ní etí tí mo lè fi ìka kọ́, ó sì ń dán. Bàtà ọkọ̀ ẹlòmíràn ti lọ ibẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ kí dísìkì yẹn tó dé ọwọ́ mi. Ẹni tó fá ìta rẹ̀ kò rántí fá inú.

Aládùúgbò mi tó ń ṣe wíńdò alúmínì yá mi ní vernier, irin tí wọ́n fi ń wọn bí nǹkan ṣe nípọn tó. Dísìkì ẹ̀yìn Camry yìí, 10 mm ló máa ń nípọn tó bá wà ní tuntun. Tó bá ti di 8.5 mm, kò yẹ lára ọkọ̀ mọ́. Èyí tí ó tà fún mi bí tuntun jẹ́ 7.6 mm. Mo sáré lọ gbé èyí tí mo tú kúrò lára ọkọ̀, tí mo ti fẹ́ fún àwọn oní-pàǹtí: 8.7 mm! Ogbólógbòó tèmi sàn ju tuntun tí mo ra lọ. Ìwọ̀n tó kéré jù yìí, wọ́n máa ń kọ ọ́ sára dísìkì fúnra rẹ̀, "MIN TH" pẹ̀lú nọ́ńbà lẹ́yìn rẹ̀. Lára èyí tí mo rà, wọ́n ti lọ ibẹ̀ dànù kí wọ́n tó kùn ún, ojú ibi tí wọ́n ti lọ ọ́ ṣì wà níbẹ̀. Ẹ má rò pé nǹkan kékeré ni ìwọ̀n tó dín yìí. Ara dísìkì ló ń gba ooru tí a bá tẹ bíréèkì. Tí ara náà bá ti tín-ín-rín, ooru máa ń pọ̀ jù fún un, ó lè là, písítìn kálípà sì máa ń jáde ju bó ṣe yẹ lọ.

Mo pe oníṣòwò náà. Ó ní èmi ni mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń dè é, pé kí ẹni tí kì í ṣe mẹkáníìkì yé fọwọ́ kan bíréèkì. Mo fi àwòrán ikùn dísìkì ránṣẹ́ sí i. Ó wò ó, ó sì búlọ́ọ̀kì mi. Látìgbà tí mo ti ń sọ ọ́ fún àwọn èèyàn, mo ti rí ẹni méjì tó ra irú rẹ̀, nylon kan náà, ìwé kan náà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀kan nínú wọn, Ọbájànà ló ti ń ṣiṣẹ́, àárín àwọn tírélà sìmẹ́ńtì ló ń gbà lọ lójoojúmọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn, tí mo fi jókòó kọ èyí.

Nítorí náà, ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò jẹ́ kí ẹ tú páálí lójú rẹ̀ ni kí ẹ ti rà á. Ẹ gbé dísìkì àtijọ́ yín dání, ẹ gbé méjèèjì lọ́wọ́. Tuntun gbọ́dọ̀ wúwo ju ogbó lọ. Ẹ wá "MIN TH". Ẹ fi ìka yí inú ikùn rẹ̀ ká, kò gbọdọ̀ ní ojú ìjẹ kankan. Ní ti páàdì, ẹ wo ibi tó ti pàdé irin: tí ẹ bá rí àlàfo tàbí ìlà tó là níbẹ̀, ẹ dá a padà. Lẹ́tà àti nọ́ńbà tí wọ́n ń tẹ̀ sí etí páàdì dára, ṣùgbọ́n àwọn ayédèrú náà ti mọ̀ ọ́n tẹ̀, ẹ má fi ìyẹn nìkan gbà á. Kí ẹ sì gba rìsíìtì. Ẹni tó bá ní kí ẹ kọ "owó oúnjẹ" sára owó bíréèkì, kò fẹ́ kí ẹ rí ohun tí ẹ máa fi mú òun ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ra irú rẹ̀, ẹ má gbé ọkọ̀ náà jáde kí ẹ tó tú u wò. Bí ẹ bá ń tú u, ẹ má fi ẹnu fẹ́ eruku rẹ̀, nítorí páàdì ayédèrú lè ní asbestos nínú, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ìwé tó lẹ̀ mọ́ nylon yẹn ò sì gbọdọ̀ dẹ́rù bà yín. Òfin ààbò oníbàárà, FCCPA 2018, fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọjà tó ní àbùkù padà. Mo ti kọ̀wé sí FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, mo sì ti kọ sí SON, àjọ tó ń rí sí bí ọjà ṣe dára tó, nítorí páàdì ayédèrú náà. Bí ẹ bá ní àwòrán àti ẹ̀rí owó, ẹ kọ tiyín pẹ̀lú. Ìwé ẹnìkan lè sọ nù lórí tábìlì, ti èèyàn púpọ̀ ṣòro fún wọn láti gbójú fò.

Dísìkì méjèèjì àti páàdì tó ya wà nílé mi, mi ò ní jù wọ́n nù. Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kan ikùn wọn kó lè dá irú rẹ̀ mọ̀ ní gáréèjì, kó kọ̀wé sí mi, kó yà lọ́dọ̀ mi ní ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn agogo márùn-ún. Kó gbé tirẹ̀ dání. Vernier aládùúgbò mi ṣì wà lọ́wọ́ mi.