Ẹ̀rọ ìgúnyán ní bùkà Àkúrẹ́: ohun tó yẹ kí ẹ yẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó fún wẹ́dà

Ẹ̀rọ ìgúnyán tí àwọn wẹ́dà wa ń jó fún oníbùkà kì í ṣe ẹ̀rọ burúkú. Àmọ́ èyí tí kò dáa nínú wọn, kò dáa rárá ni: ṣáàfù (ọ̀pá irin tó ń yí nínú abọ́) tó ń sáré jù, síìlì (rọ́bà tó ń dí ẹsẹ̀ ṣáàfù) tó ń jò, abọ́ tó ń dípẹtà. Iyán inú irú rẹ̀ kò ṣeé gbé síwájú ará Oǹdó, àwọn tó jẹ́ pé òkèlè àkọ́kọ́ ni wọ́n fi ń mọ irú iṣu tí olóúnjẹ rà.

Kò sí oníbùkà tó ra ẹ̀rọ nítorí pé ó kórìíra odó. Apá ló wọ́n. Láti ìgbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1955 ni àwọn ọmọ tó yẹ kó di ọmọ odó mú lọ́sàn-án ti wà ní kíláàsì. Owó epo rọ̀bì dé ní àwọn ọdún 1970, àwọn géńdé kọjú sí Èkó. Wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 1976, Àkúrẹ́ di olú-ìlú, òṣìṣẹ́ ìjọba ya wọ ìlú. FUTA, yunifásítì ìmọ̀-ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Àkúrẹ́, tẹ̀ lé e ní 1981. Ẹnu tó fẹ́ jẹ iyán ní aago kan ọ̀sán ń pọ̀, apá tó lè gún un ń dín. Àwọn àlejò ló dí àlàfo yẹn: àwọn ọmọ Àgàtú àti Tíìfù láti Benue, àti àwọn Ẹ̀bìrà láti Kogi, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ pé iṣẹ́ oko kòkó ló kọ́kọ́ gbé wọn wá. Àwọn náà kò dúró sójú kan. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ wá ṣe lébìrà ti kàwé, tàbí ó ti ra ọ̀kadà, tàbí ó ti gba sáìtì lọ níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Ẹ̀rọ kò lé ẹnikẹ́ni kúrò ní ìdí odó; ó bá ìdí odó lófìfo ni.

Kì í ṣe àwa nìkan ni irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Ní Japan, ìrẹsì alálẹ̀mọ́ ni wọ́n ń gún lódó tí wọ́n fi ń ṣe mochi. Bí ilé-iṣẹ́ ńláńlá ṣe ń pọ̀ tí ọ̀dọ́ sì ń fi abúlé sílẹ̀, ẹ̀rọ kékeré wọ ilé-ìdáná wọn ní àwọn ọdún 1970. Àárín ọdún wọ̀nyẹn náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Makanjuola ní Yunifásítì Ifẹ̀ ṣe ẹ̀rọ ìgúnyán tiwa.

Èyí tó ń ti Ṣáínà wọlé, tí mọ́tò rẹ̀ wà lórí tí abọ́ wà nísàlẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún ilé oní-èèyàn mẹ́rin sí márùn-ún. Ẹran ni wọ́n ṣe abẹ rẹ̀ fún. Bí ẹ bá ní in, ìṣẹ́jú-àáyá 15 sí 20 ni kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ jẹ́ kó sinmi. Jíà oníke, kẹ̀kẹ́ eléyín tó so mọ́tò mọ́ abẹ, ló máa ń kọ́kọ́ jẹ. Bùkà tó bá gbé e síwájú iṣẹ́ òòjọ́ yóò ra òmíràn kí ọdún tó yí. Ní ti poundo, ìyẹ̀fun ni. Ìyẹn kì í ṣe iyán, kò sì sí nínú ọ̀rọ̀ tiwa níbí.

Ti wẹ́dà ni ká gbájú mọ́. Ẹ mú òòfà dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ fi mọ̀ bóyá irin tí kì í dípẹtà (stainless) ni abọ́. Òòfà inú ẹ̀rọ-agbóhùn tó ti bàjẹ́ tó o. Bí ó bá lẹ̀ mọ́ abọ́ náà típẹ́típẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ irin lásán ni wọ́n kùn tàbí tí wọ́n fọ̀ kó máa dán. Ẹ ti òòfà kan ṣáàfù àti àwọn apá irin tó ń lu iṣu náà, torí ibẹ̀ ni àwọn kan ti ń fi irin lásán rọ́pò, ibẹ̀ náà sì ni ìpẹtà ti ń wọ iyán.

Lẹ́yìn ìyẹn, eré rẹ̀. Mọ́tò tó wọ́pọ̀ máa ń yípo bí 1,440 ní ìṣẹ́jú kan. Púlì (kẹ̀kẹ́ tí bẹ́ẹ̀tì ń yí) ínǹṣì 3 lára mọ́tò, púlì ínǹṣì 9 lára ṣáàfù, á wá sílẹ̀ sí 480. Ìyẹn dára. Àwọn kan máa ń lo púlì méjì tó dọ́gba nítorí pé ó rọrùn láti rí, tí ẹ̀rọ náà á sì máa hó gèè bíi pé ó lágbára. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyẹn. Inú àpò kéékèèké ni sítááṣì iṣu wà: ọmọ odó ń tẹ àwọn àpò náà mọ́ra wọn, ṣùgbọ́n irin tó ń sáré ń bẹ́ wọn, sítááṣì á tú síta, iyán á sì máa fà bí àtè. Nítorí ìdí kan náà, apá irin kò gbọdọ̀ mú bí ọ̀bẹ. Kó nípọn tó mìlímítà 8, kí etí rẹ̀ kú, kí àlàfo àárín òun àti ara abọ́ má ju nǹkan bíi mìlímítà 5 lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kókó ni yóò máa sá sí ẹ̀gbẹ́.

Ìdí abọ́, níbi tí ṣáàfù ti gòkè wọlé, ni ẹ ó fi mọ wẹ́dà tó mọṣẹ́. Sítááṣì gbígbóná máa ń wá ibẹ̀ jò sílẹ̀, gíríìsì náà sì máa ń gun òkè. Páìpù kúkúrú tó ga ní ínǹṣì 2 ó kéré tán gbọ́dọ̀ yí ṣáàfù ká nínú abọ́, kí bíárìn, òrùka irin tó gbé ṣáàfù dúró tó fi ń yí, sì jìnnà díẹ̀ sí ìdí abọ́ kí ohun tó bá jò lè kán sílẹ̀. Bíárìn tí wọ́n bá jó mọ́ ìdí abọ́ kì í pẹ́ tó fi ń ké, iyán á sì máa ní àwọ̀ eérú díẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ ṣàlàyé.

Mọ́tò họ́sípáwà 2 tó. Jẹnẹrétọ̀ 2.5 KVA kò ní lè ta á jí, torí iná tó ń fà nígbà tó bá ń bẹ̀rẹ̀ pọ̀ ju èyí tó ń lò lẹ́yìn rẹ̀ lọ. 5 KVA ni kí ẹ ní lọ́kàn. Bí iná bá rọlẹ̀ tí mọ́tò ń kùn láì yí, ẹ pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kápásítọ̀, èyí tó ń ta mọ́tò jí, lè jẹ́ ohun tó kú, èyí kò wọ́n. Àmọ́ bí ẹ bá fi í sílẹ̀ kó máa kùn, kóìlì, wáyà tí wọ́n wé sínú mọ́tò, ni yóò jó, owó rewáyà (wíwé wáyà tuntun) sì yàtọ̀.

Kí ẹ tó san àṣẹ́kù owó, ẹ kó iṣu sísè sínú kúlà lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ má gbà kó fi òfìfo dán an wò fún yín. Iṣu funfun tó ti gbó, tí wọ́n gé dọ́gba, tí wọ́n sè títí ọ̀bẹ fi wọ̀ ọ́ wọ́ọ́rọ́. Kó má ju ìdá méjì nínú mẹ́ta abọ́ lọ. Ìṣẹ́jú-àáyá 30, ẹ pa á, ẹ fi igi ha ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sáàárín, ẹ bu síbí omi iṣu gbígbóná kan tàbí méjì, ẹ tún tan án fún ìṣẹ́jú-àáyá 30. Bí ó bá kọjá ìṣẹ́jú méjì lápapọ̀, àtè ti ń bọ̀. Iṣu tó ti tutù kí wọ́n tó dà á sínú ẹ̀rọ yóò ní kókó, kò sí eré tó lè tú u. Ní oṣù keje àti ìkẹjọ tí iṣu tuntun bá dé, ẹ má bu omi rárá, torí omi ti pọ̀ nínú iṣu náà fúnra rẹ̀. Ewùrà kò ní di iyán gidi nínú ẹ̀rọ kankan; ẹ fi í ṣe ìkọ́kọrẹ́. Bí ẹ bá ṣe tán, omi tútù ni kí ẹ dà sí abọ́ lójú ẹsẹ̀. Omi gbígbóná máa ń se sítááṣì mọ́ irin ni.

Ṣé ó tó rà? Bùkà tí kì í ta ju àwo 40 lọ lójúmọ́, kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Abọ́ tó gba kílò 5 iṣu sísè yóò mú bí àwo 12 jáde, tí ẹ bá sì ka ìdàsí, híha àti kíkó jáde mọ́ ọn, ìṣẹ́jú 5 ni ìpele kan. Àwo 100 kò tó wákàtí kan, bí lítà epo kan àbọ̀ sí méjì nìyẹn nínú jẹnẹrétọ̀ 5 KVA. Ẹ fi bẹ́ẹ̀tì kan àti bíárìn méjì lọ́dún kún un, kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó òòjọ́ àti oúnjẹ agúnyán méjì fún ọjọ́ 26 lóṣù. Ẹni tó ń yan iṣu lọ́jà ni kí ẹ má ṣe dá dúró, torí ẹ̀rọ kò lè ṣe iṣẹ́ tirẹ̀.

Ìnáwó ńlá yàtọ̀. Ẹ̀rọ kan kò lè kọjá àwo 144 ní wákàtí kan, àlejò 300 níbi òkú àgbà sì máa ń fẹ́ jẹun pa pọ̀. Ẹ háyà agúnyán mẹ́fà pẹ̀lú odó mẹ́ta kún ẹ̀rọ yín, kí ẹ sì bá wọn sọ̀rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, torí Sátidé kan náà ni gbogbo ìlú ń lò.