Ẹ̀yìn tàbí apá: ibo la ti ń mọ lọ́fínńdà tí ara kọ̀?

Bí lọ́fínńdà bá ń mú ọrùn yín yún, ọ̀nà méjì ló wà tí ẹ lè fi mọ̀ bóyá òun ni. Ti àkọ́kọ́, dókítà awọ ara ló ń ṣe é. Wọ́n á fi àwọn èròjà òórùn sínú àwo pẹlẹbẹ kéékèèké, wọ́n á fi pílásítà lẹ̀ wọ́n mọ́ ẹ̀yìn fún wákàtí 48. Omi ò gbọdọ̀ kan ẹ̀yìn yẹn o, nínú ooru yìí! Bí wọ́n bá ṣí i, wọ́n á tún yẹ̀ ẹ́ wò ní nǹkan bí ọjọ́ kẹrin, torí irú ìbínú ara báyìí kì í yára yọjú. Josef Jadassohn, dókítà awọ ara ará Jámánì, ló gbé àyẹ̀wò yìí jáde ní 1895. Àdàlù kan tí wọ́n ń lò kó èròjà 8 pọ̀. Eugenol tó ń mú kànáfùrù ta sánsán wà nínú ẹ̀.

Ìkejì, ẹ lè ṣe é nílé. Ẹ fi ìpara olóòórùn tí ẹ fura sí pa ibi tí apá ti ń ká, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, ojú kan náà, fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Bó bá pọ́n, tó ń yún, ẹ dáwọ́ dúró. Kò náni ní kọ́bọ̀, àmọ́ kò lè dárúkọ èròjà tó fà á. Ẹ lè ra ìpara mìíràn kí èròjà náà tún wà nínú ẹ̀. Ti ẹ̀yìn ló ń dárúkọ.

Èmi á kọ́kọ́ fi apá dán an wò. Ọṣẹ nìkan ni mi ò ní fi ṣe é: bó bá pẹ́ lára láìṣàn án, kò sí awọ tí kò lè ta.